Ìlọrin Létí Òkun: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Dá Ayé Inú Ìwé Ọ̀dọ́langba, Ta Ló Sì Ni Àṣà Inú Rẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, ló gbé ìwé kan wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti ṣí i sí ibi tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí. Ó ní, "Dádì Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni òkun dé Ìlọrin?"

Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ìwé náà, Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja tó léfòó lórí omi. Èkó ni olú ìlú, ibẹ̀ ni ààfin ọba wà. Ìbàdàn wà níbẹ̀, Sókótó náà ò gbẹ́yìn. Ilẹ̀ tó kó gbogbo wọn pọ̀ ń jẹ́ Orïsha, wọ́n sì kán àmì méjì sórí lẹ́tà "i" rẹ̀, àmì tí tíṣà Yorùbá kankan ò kọ́ wa rí.

Children of Blood and Bone ni ìwé náà. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ó jáde ní 2018. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí wọ́n ti kéde àwọn tó máa ṣeré nínú fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe, ìbéèrè ọmọ yìí ti di ìbéèrè ọ̀pọ̀ àgbà. Àwọn kan ní wọ́n ti ba àṣà wa jẹ́. Àwọn kan ní ìtàn àròsọ lásán ni, kí la wá ń bínú sí? Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá, wọn ò sì rí i.

Kí ni ìwé ọ̀dọ́langba, kí sì ni dídá ayé?

Ìwé ọ̀dọ́langba ni ìwé ìtàn tí wọ́n dìídì kọ fún àwọn ọmọ bí ọdún 12 sí 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà tó ń rà á kà ò lóǹkà. Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé "Ta ni mí? Ọmọ ilé ta ni mí? Ṣé dandan ni kí n ṣe bí àwọn òbí mi ṣe ṣe?" ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àṣà àti ìdánimọ̀ kì í fi í jìnnà sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Dídá ayé ni iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ń ṣe kí ìtàn tó gbéra: irú ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń jọba níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ, owó tí wọ́n ń ná, ohun tó jẹ́ èèwọ̀, ibi tí òkú ń lọ. Nígbà mìíràn, ayé tiwa yìí náà ni, òǹkọ̀wé á kàn fi àṣírí kan pa mọ́ sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ayé ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Abẹ́ èyí ni Orïsha bọ́ sí, òun ló fi lè jẹ́ pé òkun dé Ìlọrin. Ìlọrin ti ìpínlẹ̀ Kwara kọ́ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yá lò.

Ẹ fi wé ayò. Ọpọ́n ní ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ bá ṣàdédé ní ihò òun ti di 7, ìjà dé. Òǹkàwé náà máa gba ohunkóhun tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún un, ẹ ò ṣáà gbọdọ̀ yí i padà níbi tí eré dé.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá o. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, lẹ́yìn ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe. Tíṣà ni D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, ọmọ Òkè-Igbó, ọmọ ilé-ìwé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kà á láti ìgbà náà. Ẹ wo igbó tó dá: ó ní àwọn olùgbé tirẹ̀, ó ní ewu tirẹ̀, ó ní ọ̀nà tó lọ sí Òkè Láńgbòdó tí ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀. Kristẹni ni òǹkọ̀wé náà, iwin àti ìwàásù sì jọ ń gbé inú igbó kan náà ni. Yóò dá ìtàn dúró láti gba ọmọdé nímọ̀ràn, yóò tún gbé e bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a fi òṣùwọ̀n "ṣé bí ó ṣe rí látilẹ̀ nìyí" wọn ìwé náà, kò ní yege. Síbẹ̀, òun náà ni a fi ń júwe ìtàn àròsọ Yorùbá títí dòní.

Ṣé a kàn máa to orúkọ òrìṣà jọ ni?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, mo ti ṣe é rí. Òǹkọ̀wé fẹ́ kí ayé rẹ̀ jọ ti Yorùbá, ló bá to òrìṣà, ìlù àti aṣọ òkè jọ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ẹ wo èyí:

*Àdùkẹ́ wọ ààfin. Ère Ṣàngó wà lápá ọ̀tún, ti Ọbàtálá wà lápá òsì. Ìlù dùndún ń dún. Ọba jókòó nínú agbádá olówó ńlá. "Mo fẹ́ kí o ràn mí lọ́wọ́," ni Àdùkẹ́ wí.*

Gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ló jẹ́ ti Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kankan nílé. Ọmọ tó wọ ààfin, tó dúró gangan, tó ń pe ọba ní "o", ṣé wọ́n á jẹ́ kó parí gbólóhùn náà? Ẹ wá wo èyí:

*Àdùkẹ́ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí ilẹ̀ ààfin yìí máa ń mọ ẹni tó bá fi bàtà tẹ̀ ẹ́, kì í sì í gbàgbé. Ó kúnlẹ̀. Kò wo ojú ọba. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ara adé wálẹ̀ bo ojú náà ló ń wò. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọba ti gbọ́. Bí kò bá mì, kí ó dìde, kí ó máa lọ, kí ó má sì padà wá títí ọdún á fi yí po. Ó ka ọ̀kan. Ó ka èjì. Atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé, kò sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn ló mì í ni àbí ọba.*

Wọn ò dárúkọ òrìṣà kankan. Adé onílẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba wà lóòótọ́ ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ tó ń mọ ẹsẹ̀ ni kò sí, èmi ni mo dá a. Ṣùgbọ́n àtinúdá yẹn bá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ mu, nítorí pé ibi tí a gbà gbọ́ ló ti hù: àwa la máa ń sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Èyí ni mo ń wá nínú irú ìwé yìí. Mo máa ń wá ohun tí wọn kì í ṣe nínú ayé náà, màá wá wò ó bóyá nǹkan ṣe ẹni tó ṣe é. Bí nǹkan kan ò bá ṣe é, aṣọ eré ni àṣà inú ìwé náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tún mú kí iṣẹ́ yìí le. "O" àti "ẹ" ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí a ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo bù fún àgbà, òǹkọ̀wé ní láti fi ara sọ ọ́: orúnkún tó kanlẹ̀, ọwọ́ òsì tí kò nà jáde, orúkọ tí ọmọ ò jẹ́ fi ẹnu òun pè. Nínú ìwé Adeyemi, ìyá àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá, Mama Agba ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn nìkan ti ṣe iṣẹ́ ojú ewé kan.

Kí ló dé tí orúkọ fi ń dá wàhálà sílẹ̀?

Nítorí pé orúkọ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ohun tí a fi ń pe ènìyàn nìkan, òfin ayé wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ìbejì. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán Táíwò ní kó lọ tọ́ ayé wò. Bí òǹkọ̀wé bá lo orúkọ méjèèjì, tó wá ní Táíwò ń pàṣẹ fún Kẹ́hìndé nítorí pé òun lẹ̀gbọ́n, òǹkàwé Èkó máa dúró níbẹ̀. Òǹkàwé Chicago á kọjá lọ ní tirẹ̀. Dàda náà nìyẹn, orí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ìgè nìyẹn, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ wọ̀nyí ti ní ìtàn lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Zélie, akọni inú ìwé tí à ń sọ yìí, Adebola ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ọmọ apẹja sì ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní àṣírí ti tú: adé wà nínú orúkọ, ọmọ ọba tí wọ́n gbé pa mọ́ nìyí! Mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa tú u síta. Wọn ò tú nǹkan kan. Orúkọ lásán ni, bí a ṣe rí Adé-báyìí Adé-bọ̀hún láàárín àwọn ẹbí tí kò dé ẹnu ọ̀nà ààfin rí. Èmi ni mo fi etí Yorùbá gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé ò sọ. Mi ò pè é ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ rí bí òǹkàwé méjì ṣe lè ka ìwé kan kó di ìtàn méjì.

Idán ńkọ́?

Idán tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan máa ń pa ìtàn. Ó dà bí jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo: ta ló máa ronú kó tó tàn án? Lọ́dọ̀ wa, agbára ti ní ohun tó ń dè é tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní oògùn ní èèwọ̀ rẹ̀, tó bá jẹ ẹ́, oògùn ti bàjẹ́. Òǹkọ̀wé tó bá mọ èyí ò ní láti lọ yá òfin idán níbòmíràn.

Adeyemi ṣe ìdajì rẹ̀ dáadáa. Ìdílé onídán 10 ló dá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrìṣà tirẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀, idán tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ ṣe sì lè gba ẹ̀mí ẹni tó ṣe é. Ọfọ̀ náà kúrú lójú tèmi. Ọfọ̀ wa máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ó máa ń yí orúkọ po títí orúkọ náà á fi gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣe èyí fún ẹni tí kò gbédè, á sùn lọ.

Ọya ilé àti Ọya òkè òkun: èwo ni tòótọ́?

Ibí yìí ni ìjà ti ń gbóná jù. Nínú ìwé náà, àwọn tó ń bá ẹ̀mí òkú lò ni Ọya ni wọ́n ń sìn. Ọ̀pọ̀ wa á ní, Ọya kẹ̀? Ṣebí afẹ́fẹ́ àti ìjì ni ti Ọya, ìyàwó Ṣàngó, ẹni tí Odò Ọya ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọjá sí Kúbà, wọ́n á sọ fún yín pé Ọya ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi ìsìnkú. Ẹ dé Bràsíìlì, Iansã ni wọ́n ń pè é, Ìyá Mẹ́sàn-án tí ẹnu wọn pè bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn òkú sì jọ ń rìn ni. Ní ilé níbí náà, Ọya ò jìnnà sí egúngún.

Yemọja tún hàn ketekete jù ú lọ. Odò Ògùn ni tirẹ̀ nílé, ẹ bi wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì, òkun ni wọ́n ti ń kí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì lọ́dọọdún, wọ́n á gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sí etí omi ní Rio Vermelho. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò lè gbé Odò Ògùn dání. Òkun ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n dé, òkun náà sì ni ó wà láàárín àwọn àti ilé.

Ní Salvador yìí kan náà ni Adeyemi sọ pé òun ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bùn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Adéyẹmí, tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, Bràsíìlì ló ti lọ bá òrìṣà pàdé. Òrìṣà ti wọ ọkọ̀ òkun lọ kó tó bá a. Nígbà tí ẹ bá wá rí Ọya tó ń ṣọ́ òkú nínú ìwé rẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ṣì í. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti Yorùbá rárá, tí mo rò pé òun gan-an ni ọkàn ìwé náà. Nínú ìtàn náà, ọba ti pa àwọn onídán, àwọn ọmọ wọn tó kù jẹ́ onírun funfun, ẹ̀ṣọ́ sì lè nà wọ́n lójú títì kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé ìgbà tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni òun ń kọ ọ́, àti pé ìbẹ̀rù àti ẹkún ìgbà náà ló wà nínú rẹ̀. Ilé náà ní ògiri Yorùbá, Amẹ́ríkà ni ẹni tó ń sunkún nínú yàrá ti wá. Bí ẹ bá ń wá Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Bí ẹ bá ń wá bí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ṣe ń gbé ilẹ̀ méjì sínú ara kan, ó wà lójú ewé gbogbo.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́?

Ní 2015, Corinne Duyvis, òǹkọ̀wé ọmọ Netherlands, dá àmì kan sílẹ̀ lórí Twitter: #OwnVoices. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ìwé nípa àwọn tí ayé ń fojú rénà jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tó ń tàwé sọ ọ́ di ìlẹ̀mọ́ ọjà, àwọn òǹkọ̀wé kan sì wà tí wọ́n ń fúngun mọ́ pé kí wọ́n sọ àṣírí ara wọn síta kí àwọn ènìyàn lè gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Ní 2021, We Need Diverse Books, ẹgbẹ́ tó ń jà kí oríṣiríṣi ènìyàn lè wà nínú ìwé ọmọdé, ní àwọn ò lo orúkọ náà mọ́, pé kí wọ́n máa sọ ohun tí òǹkọ̀wé jẹ́ gan-an bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣe sọ ọ́.

Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ò kọ́ ènìyàn ní àṣà. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, bí mo bá fẹ́ kọ̀wé nípa Agẹmọ àwọn Ìjẹ̀bú, àfi kí n wọ mọ́tò lọ béèrè, kí n sì gbà bí wọ́n bá ní èyí kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún àlejò. Lóde òní, wọ́n máa ń sanwó fún ẹni tó mọ àṣà kan pé kó ka ìwé kó tó jáde, kó wo ibi tí wọ́n ti ṣi nǹkan sọ. Ó ń ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè gba ẹnu gbogbo Yorùbá sọ̀rọ̀. Ẹ kó ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ẹ̀gbá sí yàrá kan, kí ẹ ní kí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ṣe ń ṣe ìyàwó.

Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún?

Ní 1990, Rudine Sims Bishop, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, sọ pé ìwé lè jẹ́ dígí fún ọmọdé, kó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ fèrèsé, kó fi wo ilé onílé. Ìwé tó jẹ́ dígí fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston lè jẹ́ fèrèsé fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Òṣogbo. Èyí ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀, báwo ni mo ṣe wá di àlejò?

Ẹ lè rí i lára àkọlé. Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, kọ ìwé ọ̀dọ́langba kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 pẹ̀lú àkọlé Akata Witch. Nígbà tí ilé-ìtẹ̀wé Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ jáde ní Nàìjíríà, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin náà mọ bí "àkátà" ṣe ń dún létí níbí, ká má tíì wá sọ ti àjẹ́.

Ẹ tún lè rí i lára lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà kan, wọ́n á mú kí lẹ́tà ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ́ ti èdè mìíràn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní italic. Ọmọ tó jẹ àkàrà láàárọ̀ wá rí i nínú ìwé, àkàrà náà ń fì bí ẹni tó mutí. Ó ti yé e nìyẹn pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Fíìmù náà ńkọ́?

Gina Prince-Bythewood ni olùdarí rẹ̀. Thuso Mbedu, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n mú pé kó ṣe Zélie, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì jẹ́ ọmọ Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn ará ilé bínú pé àwọn òṣèré tiwa ò pọ̀ tó níbẹ̀. Ẹjọ́ iṣẹ́ àti owó ni ìyẹn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ẹjọ́ pé wọ́n parọ́ mọ́ àṣà. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè ni ọfọ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí Zélie á ṣe pe òrìṣà rẹ̀ lójú sinimá. Ọya, ohùn àárín méjì, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rẹ ohùn méjèèjì sílẹ̀, ọ̀yà ni wọ́n pè, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń fì létí ọ̀nà márosẹ̀ kí ẹ dúró rà á. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ọjọ́ náà.